Àwọn Ìwé Tí Mo Kà Ní Jákàńdè, Ìlàsán: Ta Ni Wọ́n Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Àwọn àgbà a máa wí pé òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Bí òwe yìí ti rí ní ọjà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú ọ̀rọ̀ ìwé. Nígbà tí ẹnì kan bá tẹ ìwé jáde, àwọn ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ rẹ̀ a pé jọ, wọn a ná owó, wọn a sì yìn ín. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni yóò ka ìwé náà dé ìparí, àwọn díẹ̀ náà kì yóò sì fẹ́ sọ ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀, kí a má baà kà wọ́n sí ọ̀tá. Nípa báyìí, baba ilé tàbí ìyá ilé tí ó ń wá ìwé tí yóò rà fún àwọn ará ilé rẹ̀ kò rí ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ èrò ọkàn mi sílẹ̀, láìṣe ojúsàájú, lórí àwọn ìwé tí mo kà ní oṣù mélòó kan tí ó kọjá yìí, àti lórí àwọn ìwé alàwòrán tí àwọn ọmọ wa ń pè ní kọ́míìkì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi wọn gbogbo wọn wò: ta ni ìwé yìí ń bá sọ̀rọ̀? Èmi kò bèèrè ẹni tí ìwé náà ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nítorí ọ̀tọ̀ ni kí a máa sọ̀rọ̀ ẹni, ọ̀tọ̀ ni kí a máa bá ẹni sọ̀rọ̀. Ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn lè má gbọ́ rárá. Ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni ó lè dáhùn.

ÌWÉ ẸNI TÍ A FI ORÚKỌ RẸ̀ PE ÀDÚGBÒ

Ibi tí mo ń gbé ni ó mú ìbéèrè yìí wá sí mi lọ́kàn. Jákàńdè ti Ìlàsán ni, ní ẹ̀bá ọ̀nà ńlá tí ó ti Lekki lọ sí Ẹ̀pẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà. Nígbà tí ọmọ ọkọ̀ bá ń kígbe "Jákàńdè! Jákàńdè!", ọkàn wa kì í lọ sọ́dọ̀ ènìyàn mọ́, ibùdókọ̀ ni a ń rò, àti ọjà, àti àwọn ilé alájà tí aṣọ sísá kún iwájú wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn ni, ẹni náà sì jẹ́ ẹni tí ó fi kálàmù jẹun kí ó tó fi ọwọ́ kan ìjọba. A bí Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè ní ọdún 1929, ó sì kú ní oṣù kejì ọdún 2021. Láti 1979 títí di òpin 1983 ni ó fi jẹ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, ìgbà náà ni ó sì kọ́ àwọn ọgbà ilé olówó pọ́ọ́kú tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè káàkiri. Ṣáájú èyí, iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó jẹ́ olótùú Tribune, ó sì ń fi orúkọ John West kọ èrò rẹ̀ sí gbangba.

Ìwé rẹ̀ tí mo kà ni The Trial of Obafemi Awolowo, tí ó jáde ní ọdún 1966. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ni ó ń rò níbẹ̀. Ní 1962 ni a fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba kan Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀, Jákàńdè sì wà lára wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963, Adájọ́ Sowemimo rán Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, a sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún méje fún Jákàńdè. Ọdún kan náà tí a dá Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ ni ìwé yìí bọ́ sí ọwọ́ àwọn ènìyàn.

Kí ni mo rí sí i? Ọwọ́ akọ̀ròyìn ni a fi kọ ọ́. Ó to ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí tẹ̀lé ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò, ó sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún òǹkàwé. Fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ṣe ìṣèlú ilẹ̀ wa ní ọdún wọ̀nyẹn, ìṣúra ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wí bí ó ti rí: ìwé náà a máa dá ni lágara. Ẹni tí ó bá ń wá ìtàn tí yóò fa òun lọ́wọ́ yóò ti sùn kí ó tó dé ìdajì, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni, ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ kì í sì í yára. Agbẹjọ́rò, olóṣèlú àti àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni ìwé náà ń bá sọ̀rọ̀. Kò bá ìyá aláta tí ó ń gbé inú ilé tí a fi orúkọ òǹkọ̀wé náà pè sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí ọmọ tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Jákàńdè lójoojúmọ́ mọ̀ pé ẹni tí ó ni orúkọ náà kọ ìwé. Kí baba ka ojú ìwé mẹ́wàá nínú rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ ọmọ tí ó ń kọ́ òfin. Kò di dandan kí ó ka gbogbo rẹ̀.

ÌWÉ MÉJÌ LÓRÍ MÀRÓKÒ

Ìlàsán ní ìtàn mìíràn tí ó wà lábẹ́ ti Jákàńdè. Ní oṣù keje ọdún 1990, nígbà tí Ọ̀gágun Raji Rasaki ń ṣe gómìnà Èkó lábẹ́ ìjọba ológun, a fún àwọn ará Màrókò ní ìkìlọ̀ ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà ni a fi katakata wó ìlú náà palẹ̀. Ìjọba wí pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ ju òkun lọ, omi yóò sì bò ó. Ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn, èyíinì ni 300,000, ni iye tí a sábà máa ń dárúkọ pé ó di aláìnílé. A fi díẹ̀ nínú àwọn onílé ibẹ̀ sí inú àwọn ilé Ìlàsán níhìn-ín àti sí ibòmíràn, nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí lára púpọ̀ nínú àwọn ilé náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ayálégbé kò rí ohunkóhun gbà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ilé olówó ńlá hù sórí ilẹ̀ tí a wí pé omi yóò bò. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ Màrókò ní àdúgbò wa, kì í ṣe ìtàn ọ̀nà jíjìn. Ó lè jẹ́ ìtàn ẹni tí ó ń gbé ní àjà ìsàlẹ̀.

Ìwé méjì tí ó fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ yìí ni mo kà tẹ̀léra wọn. Èkínní ni eré onítàn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kọ, tí ó pè ní The Beatification of Area Boy. Ọdún 1995 ni a tẹ̀ ẹ́, ọdún náà ni a sì kọ́kọ́ ṣe é lórí ìtàgé ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí òǹkọ̀wé náà ti sá kúrò nílé nígbà náà lábẹ́ ìjọba Sani Abacha. Iwájú ilé ìtajà ńlá kan ní Èkó ni eré náà ti ṣẹlẹ̀. Sanda, ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ni olórí àwọn ọmọ àdúgbò ní ìkọ̀kọ̀. Obìnrin olóúnjẹ kan wà níbẹ̀, onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀. A sì ń múra ìyàwó àwọn ọlọ́rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn tí a lé kúrò ní Màrókò ń kọjá lọ tàwọn ti ẹrù lórí.

Eré náà dùn. Ó pa mí lẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni ó mú ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi. Àwọn àgbà kúkú wí pé bí a bá ń sunkún a máa ń ríran. Òǹkọ̀wé yìí fi hàn pé bí a bá ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, a lè ríran. Àléébù tí mo rí ni pé àwọn ará Màrókò kọjá bí ọ̀wọ́ ènìyàn ti ń kọjá lójú pópó. A rí ẹrù wọn, a rí ìyà wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Sanda àti ìyàwó tí ó kọ ọkọ ọlọ́rọ̀ sílẹ̀ ni ó gba ààrin ìtàgé. Èmi ìbá fẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn tí ń kọjá náà sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ kí ó jókòó, kí ó sì bá wa sọ̀rọ̀ pẹ́.

Èkejì ni GraceLand, ìtàn àròsọ tí Chris Abani tẹ̀ jáde ní ọdún 2004. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan tí ó ń jẹ́ Elvis Oke ni a ń sọ ìtàn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú, baba rẹ̀ ti di ọ̀mùtí, inú Màrókò ni wọ́n ń gbé, ọmọ náà sì fẹ́ fi ijó jíjó bí Elvis Presley jẹun. Abani mọ òórùn omi adágún àti ìró pákó lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó fi ìlànà oúnjẹ sísè tí ìyá ọmọ náà kọ sílẹ̀ há àárín àwọn orí ìwé náà, èyí tí ó mú kí òkú ìyá náà máa bá wa gbé nínú ilé. Nígbà tí katakata dé, tí baba tí a ti ń kẹ́gàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dìde dúró níwájú rẹ̀ títí ó fi kú, mo pa ìwé dé fún ìgbà díẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ní ohun méjì láti wí sí i. Ohun èkínní ni pé òǹkọ̀wé náà fi ìparun Màrókò sí ọdún 1983, bẹ́ẹ̀ ni ọdún 1990 ni èyí tí àwa mọ̀ níhìn-ín ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ń kọ ìtàn àròsọ ní òmìnira, èmi kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àgbà yóò gba ti ìwé gbọ́. Ohun kejì ni pé ìwé náà le. Ìfipábánilòpọ̀ wà nínú rẹ̀, òwò oògùn olóró wà nínú rẹ̀, àti títa ènìyàn. Èmi kò wí pé kí a sun ún níná. Ohun tí mo wí ni pé kí òbí kà á kí ó tó gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọ ọdún méjìlá lè tó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ka orí kan nínú ìwé yìí fún ìyá àgbà kan tí ó ti Màrókò wá, mo ń yí i sí èdè Yorùbá bí mo ti ń kà á. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí dé òpin. Kò yìn ín, kò sì bú u. Ó kàn bi mí bóyá òǹkọ̀wé náà kọ ọ̀rọ̀ àwọn tí ń yan ẹja síbẹ̀, nítorí pé ààrò ẹja mẹ́ta ni òun fi sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi òun léèrè rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè iye tí a ń ta ìwé náà, àti bóyá irú rẹ̀ wà ní èdè tí òun lè kà. Nítorí ìyá yìí mọ̀ ọ́n kà, Bíbélì Yorùbá ni ó sì ń kà láràárọ̀. Èmi kò ní èyí tí mo lè nà sí i.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi yékéyéké. Ìwé méjì tí ó dára ni àwọn òǹkọ̀wé olókìkí ti kọ nípa ìyà tí ó jẹ àwọn aládùúgbò wa, a ti kà wọ́n ní Leeds, a ti kà wọ́n ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó jìyà náà kò lè kà wọ́n. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a ń sọ, òun kọ́ ni a ń bá sọ̀rọ̀.

ÌWÉ MÉJÌ NÍ ÈDÈ YORÙBÁ

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1929, Isaac B. Thomas, ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, bí ẹni pé arúgbó obìnrin kan tí ó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wọ́n láti orí ibùsùn àìsàn. Ó jẹ́wọ́ bí òun ti fi ẹwà òun ṣeré láàrin àwọn ọkùnrin Èkó, àti bí òun ti di ẹni ìkọ̀sílẹ̀. Àwọn òǹkàwé kan gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní tòótọ́. Ní 1930 ni a kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì ń pè é ní ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ní ọdún 2012, Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber tún un gbé jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn nínú rẹ̀ ni pé ẹkún pọ̀ jù. Bí Sẹ̀gilọlá bá sọ ìtàn ìṣẹ́jú kan, yóò sunkún ìṣẹ́jú mẹ́ta, yóò sì gba àwọn ọ̀dọ́bìnrin nímọ̀ràn títí ìtàn yóò fi tutù. Ẹkún obìnrin náà sì wúwo ju ìdájọ́ àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìwé náà, nítorí pé ó ń bá ará Èkó sọ̀rọ̀ bí ará Èkó. Ó dárúkọ àdúgbò tí òǹkàwé lè fi ẹsẹ̀ rìn dé, ó kọ orin tí òǹkàwé mọ̀, ó sì ń pe òǹkàwé bí ẹni tí ó jókòó tì í. Òǹkàwé pẹ̀lú sì ń dáhùn. Ẹ̀rí tí ó ga jù pé ìwé ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ni pé ènìyàn ń fèsì.

Èkejì ni Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní ọdún 1969. Lápàdé, ọkùnrin kan tí ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ni ó ń tọpa àwọn ọ̀daràn nínú rẹ̀. Ìwé ìdánwò ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi mọ̀ ọ́n, ohun búburú sì ni èyí ṣe fún un, nítorí ọmọ tí a bá fi ẹgba mú ka ìwé kì í padà sí ọ̀dọ̀ ìwé náà lẹ́yìn ìdánwò. Mo tún un kà nísinsìnyí láìsí olùkọ́ lórí mi, mo sì rí i pé aláwàdà ni Òkédìjí. Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ rí bí ọ̀rọ̀ ènìyàn: wọn a máa purọ́, wọn a máa fi òwe bo irọ́ náà mọ́lẹ̀, wọn a sì máa kọrin nínú ewu. Àléébù rẹ̀ ni pé ìjà pọ̀ nínú rẹ̀, àti pé kòńgẹ́ a máa ṣe Lápàdé ju bí ó ti ń ṣe ènìyàn nílé ayé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á sókè, ọmọ tí ó wí pé Yorùbá kíkà le gbé àga rẹ̀ súnmọ́ mi, ó sì bi mí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

ÌWÉ ALÀWÒRÁN

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ọ̀lẹ ni ìwé alàwòrán ń sọ ọmọ dà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó gba ọ̀nà àwòrán wọ inú ìwé kíkà ti wọlé náà. Ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ni ohun tí ọ̀nà náà gbé e dé.

Àwọn àgbàlagbà yóò rántí Atọ́ka, tí ilé iṣẹ́ West African Book Publishers ń tẹ̀ ní Èkó. Àwòrán àyàfọwọ́ṣe kọ́ ni ó wà nínú rẹ̀ bí kò ṣe fọ́tò àwọn òṣèré alárìnjó, bí wọ́n ti ń ṣe eré wọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ní èdè Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn. Kò sí lórí àtẹ mọ́. Mo rí ẹ̀dà mélòó kan tí ó ti gbó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan, mo sì tún wọn kà. Ìtàn rẹ̀ kò jinlẹ̀: orogún búburú, ọlọ́kọ̀ agbéraga, ọ̀rẹ́ ọ̀dàlẹ̀. Fọ́tò a sì máa ṣókùnkùn nígbà mìíràn débi pé a kò mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní owó láti lọ wo eré rí eré náà nínú ilé rẹ̀, ní èdè rẹ̀, ìyá àti ọmọ sì lè jọ kà á.

Ikebe Super, tí Wale Adenuga dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, jẹ́ irú mìíràn. Inú rẹ̀ ni Papa Ajasco ti kọ́kọ́ di ẹni mímọ̀ kí ó tó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ń pa ni lẹ́rìn-ín, èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rọrùn, ó sì mú ìwé dé ọwọ́ àwọn tí kì í ra ìwé. Ìyìn rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ gan-an ti fi ibi tí ojú rẹ̀ ń wò hàn: ìdí obìnrin ni ó fi ń ta ọjà, obìnrin a sì máa di ohun ẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Èmi kò ní fi í sílẹ̀ lórí tábìlì níbi tí ọmọbìnrin ilé mi yóò ti kọ́ bí àwọn ọkùnrin ṣe ń wo òun.

Èyí tí ó wà lẹ́nu àwọn ọmọ wa nísinsìnyí ni Iyanu. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tí ó ti Èkó lọ sí Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́. Godwin Akpan ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Dark Horse sì gbé apá kìíní rẹ̀ jáde ní ọdún 2021. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n gẹ́gẹ́ bí àwòrán tí ń rìn. Ọmọ òrukàn obìnrin kan ni Ìyanu, ó ń gbé lẹ́yìn odi ìlú ńlá kan, ó sì rí i pé agbára wà nínú òun. Aṣọ, ilé àti orúkọ inú rẹ̀ jọ ti Yorùbá àtijọ́.

Ẹwà rẹ̀ kọjá kékeré. Mo rí ọmọbìnrin kan ní ọgbà wa tí ó ń di gèlè bí ti inú ìwé náà, tí ó sì ń fi igi ṣe ọ̀kọ̀. Fún ọmọ tí ó ti ń rò pé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n ń fò lójú òfurufú, nǹkan ńlá ni èyí. Síbẹ̀, mo ní láti sọ èyí tí ó ń dùn mí. Orúkọ inú ìwé náà jẹ́ ti wa, ẹnu tí ń pè wọ́n kì í ṣe ti wa. Ọmọbìnrin tí mo wí yìí ń pe "Iyanu" bí ẹni ń pe orúkọ ìlú òkèèrè kan, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà rẹ̀ ń lò lójoojúmọ́ ni, nígbà tí ó bá wí pé "Iṣẹ́ ìyanu ni Ọlọ́run ṣe fún mi." Ìwé náà ń bá ọmọ Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ó sì jẹ́ kí ọmọ tiwa yọjú láti ojú fèrèsé. Inú mi dùn pé ó yọjú. Ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ni, ó yẹ kí ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Kì í ṣe pé mo kórìíra èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ṣe ń sọ báyìí, nítorí èdè náà ni mo fi jẹun ní ọ́fíìsì. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe ni mo ń bèèrè. Akínwùmí Ìṣọ̀lá yí ìwé Ṣóyínká méjì sí èdè Yorùbá, Aké àti èyí tí a pè ní Ikú Olókùn Ẹṣin, ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì lè kà wọ́n. Ohun tí a ṣe fún Aké, a lè ṣe é fún eré tí ó kan Màrókò. Àwọn tí ó ni Iyanu pẹ̀lú lè tẹ ẹ̀dà kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Àwòrán kò nílò ògbufọ̀, ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má dúró de àwọn òǹkọ̀wé ńlá àti àwọn ilé ìtẹ̀wé. Ẹni tí ó jẹ́ ẹni ogójì ọdún nígbà tí a wó Màrókò ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nísinsìnyí. A ń sin wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìyá tí ó ni ààrò ẹja mẹ́ta bá lọ, kò sí ìwé kankan nínú àwọn tí mo kà yìí tí yóò sọ fún ọmọ ọmọ rẹ̀ pé ó ní ààrò rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa ní Ìlàsán àti níbikíbi tí a ti lé ènìyàn kúrò nílé, mo bẹ̀ yín. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan fún ọmọ tí ó mọ Yorùbá kọ jù nínú ilé yín. Kí ó jókòó ti àgbà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kí ó bi í pé: òpópónà wo ni ẹ gbé? Ta ni ó múlé tì yín? Iṣẹ́ wo ni ẹ ń ṣe? Kí ni ẹ rí gbé jáde, kí sì ni ẹ fi sílẹ̀? Kí ó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àgbà náà ti sọ ọ́, kí ó má ṣe tún èdè rẹ̀ ṣe. Bí ọmọ náà bá mọ àwòrán yà, kí ó ya ilé náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àgbà náà sì fi ìka hàn án ibi tí ilẹ̀kùn wà. Nígbà tí ó bá parí, kí ó kà á sókè fún ẹni tí ó ni ìtàn, kí ó lè sọ ibi tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gbà pé kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òun. Ó ní kí ọmọ tí yóò kọ ọ́ mú kálàmù méjì wá, nítorí ọ̀rọ̀ òun pọ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé kan ní Jákàńdè, Ìlàsán.